Ọṣẹ ìfọyín fún ológbò tí ara rẹ̀ gbẹ tó ń hó: kí ni ó yẹ kí a wò kí a tó rà á?

Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí ètè àwa ènìyàn gan-an ń là ní Àkúrẹ́, tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé sì ń funfun bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú èlùbọ́ jáde, ìbéèrè kan wà tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń sin ológbò. Wọn a ní ara ológbò àwọn gbẹ, ó ń hó, ìpẹ́pẹ́ funfun ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ sórí àga. Irú ọṣẹ ìfọyín wo ni àwọn lè máa fi fọ ẹnu rẹ̀ tí kò ní ta á lára? Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà àti gààrí ní Ọjà Ọba, tí ó ń sin ológbò kan sí ṣọ́ọ̀bù nítorí eku, ni ó là mí lójú sí ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un pé ọ̀tọ̀ ni awọ ara, ọ̀tọ̀ ni eyín, ni ó bá dá mi lóhùn pé, “Ṣé kì í ṣe ọṣẹ ni gbogbo wọn ni, ọmọ mi?”

Òótọ́ ni, ọṣẹ ni à ń pe gbogbo wọn. Ọṣẹ ni a fi ń wẹ̀, ọṣẹ ni a fi ń fọ aṣọ, ọṣẹ náà ni a sì fi ń fọ eyín. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún rí ní ilé ìwòsàn pé kí ó wá ọṣẹ tí kì í ta ara fún ọmọ rẹ̀ tí awọ rẹ̀ gbẹ, kò sí bí kò ṣe ní rò pé ọ̀nà kan náà ni òun yóò gbà wá ọṣẹ ìfọyín fún ológbò tí ara rẹ̀ ń hó. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọyín kì í kan awọ ara ológbò, àfi èyí tó bá ṣèèṣì kán sí àgbọ̀n rẹ̀. Inú rẹ̀ ni ó ń lọ. Ènìyàn a fọ eyín tán, a bu omi, a fi ṣan ẹnu, a sì tu ú dànù. Ológbò kò mọ bí wọ́n ti ń tu nǹkan dànù bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu ni ó máa gbé mì, lónìí, lọ́la, àti ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń fọ eyín rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní a ń wá ọṣẹ ìfọyín tí kò le fún ológbò, oúnjẹ ni ó yẹ kí a fi ojú rẹ̀ wò ó, kì í ṣe ọṣẹ ìwẹ̀. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: ṣé ohun tí ẹranko tí kò ju kílò 3 tàbí 4 lọ lè máa jẹ ní ojoojúmọ́ láìsí ewu fún ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni?

Ìdí nìyí tí ọṣẹ ìfọyín tiwa kò fi bá ológbò mu rárá, ìbáà jẹ́ ti àgbàlagbà tàbí ti ọmọdé. Fúlóráìdì wà nínú púpọ̀ nínú wọn, èyí tí ó ń mú eyín le, ṣùgbọ́n tí ó ń da inú rú tí a bá gbé e mì, tí ó sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó bá pọ̀ fún ara kékeré. Ohun tí ń mú kí ọṣẹ hó lẹ́nu tún wà nínú rẹ̀, èyí náà sì máa ń mú kí ológbò dá itọ́ tàbí kí ó bì. A tún rí xylitol, irú adùn kan tí kì í ṣe ṣúgà, nínú àwọn kan. Ajá ni xylitol ti ń ṣe ní ìjàǹbá jùlọ, nítorí ó máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́. A kò rí i kí ó ṣe ológbò bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, síbẹ̀ kò sí ìdí kankan láti fún un, pàápàá nígbà tí ológbò kì í mọ adùn. Àwàdà kọ́ ni mo ń ṣe. Láti ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ohun àbímọ́ tó yẹ kí ó jẹ́ kí ahọ́n ológbò mọ ìtọ́wò ṣúgà ti bàjẹ́ lára gbogbo ìran wọn. Adùn tí wọ́n bá fi sínú ọṣẹ náà, ẹni tó ń rà á ni wọ́n ṣe é fún.

Èyí tó wá léwu jùlọ, tí àwọn ènìyàn kì í sì fura sí, ni àwọn òróró olóòórùn tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀ tàbí ti ewé. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní irinṣẹ́ kan tí ẹ̀dọ̀ tiwa ní, èyí tí a fi ń tú irú àwọn èròjà kan palẹ̀ kí wọ́n tó bá ìtọ̀ jáde. Ìdí kan náà ni hóró pánádọ́ọ̀lù kan ṣoṣo fi lè pa ológbò, bẹ́ẹ̀ àwa ń lo méjì lẹ́ẹ̀kan fún orí fífọ́. Òróró kànáfùrù tí àwọn àgbà wa ń fi sí eyín tó ń dùn wọ́n, òróró tea tree tí wọ́n ń polówó fún awọ ara, òróró mẹ́ńtì tó máa ń tutù lẹ́nu, gbogbo wọn wà lára àwọn èròjà tí ẹ̀dọ̀ yẹn kò lè tètè borí. Nígbà tí a bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé “ewé àti egbò nìkan ni a fi ṣe é”, ẹ má ṣe rò pé ìyẹn ti fi hàn pé kò le. Mo fẹ́ràn pákò, mo sì ń rin orín fúnra mi, ṣùgbọ́n n kò ní gún un kí n fi ra eyín ológbò.

Ibí yìí gan-an ni mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá Ọjà Ọba kò fi gbogbo ara ṣìnà. Ọṣẹ ni gbogbo wọn lóòótọ́, ní ti pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń já sí. Ológbò a máa lá ara rẹ̀ láti ìrù dé èjìká. Ohunkóhun tí a bá fi pa á lára, yálà láti fi pa yọ̀rọ̀ tàbí láti fi wo ìpẹ́pẹ́ sàn, ẹnu rẹ̀ ni yóò gbà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò wa, tí wọ́n bá ti rí ológbò tí ara rẹ̀ ń hó, omi Izal tàbí Dettol ni wọ́n máa kọ́kọ́ rò, àwọn mìíràn a fi kẹrosíìnì kún un. Àwọn apakòkòrò wọ̀nyí ní irú èròjà tí mo sọ pé ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè tú palẹ̀, wọ́n sì máa ń jó ahọ́n rẹ̀ tí ó bá lá wọn. Mo ti rí ológbò kan tí olówó rẹ̀ mú wá pé ẹnu ń rùn, tí itọ́ ń kán sílẹ̀, tó ń wá ọṣẹ ìfọyín kiri fún un. Omi apakòkòrò tí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ló bó o lẹ́nu.

Èròjà méjì mìíràn wà tí mo máa ń wá lára páálí kí n tó gbà kí ẹnikẹ́ni ra ọṣẹ ìfọyín fún ológbò. Èkíní ni propylene glycol, tí wọ́n máa ń fi mú kí nǹkan rọ̀ kí ó má gbẹ. Ó ń ba pupa ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, ìdí sì nìyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi kà á léèwọ̀ nínú oúnjẹ ológbò ní ọdún 1996. Èkejì ni benzocaine, oògùn ìpara tí ń mú kí erìgì kú fún ìgbà díẹ̀, tí àwọn kan ń rà ní ilé oògùn fún ọmọ tó ń hu eyín. Lára ológbò, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ bó ti yẹ. Sódà (baking soda) tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó náà kò yẹ fún un: iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ìtọ́wò rẹ̀ kò sì dára.

Kí wá ni èyí tó dára? Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ológbò, tí wọ́n sì kọ orúkọ ológbò sára rẹ̀ kedere, tàbí ti ajá àti ológbò pa pọ̀. Irú èyí kì í hó, kò ní fúlóráìdì, a sì ṣe é kí a lè gbé e mì. Èyí tí àwọn dókítà ẹranko sábà máa ń dámọ̀ràn ni èyí tó ní ẹ́ńsáìmù nínú, wọn a kọ ọ́ sára rẹ̀ bíi glucose oxidase àti lactoperoxidase. Iṣẹ́ wọn ni pé, tí wọ́n bá pàdé itọ́, wọ́n máa ń mú èròjà kan jáde tó ń dá àwọn kòkòrò àìrí tó ń gbé ìdí eyín dúró. Àǹfààní rẹ̀ fún ológbò oníjàgídíjàgan ni pé, bí búrọ́ọ̀ṣì kò tilẹ̀ kan eyín dáadáa, ọṣẹ náà ṣì ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VOHC, tí ó máa ń fi òǹtẹ̀ sí àwọn ohun ìtọ́jú eyín ẹranko tí wọ́n bá ti fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá rí òǹtẹ̀ náà, ohun rere ni. Àìsí rẹ̀ kò sì sọ pé ọṣẹ náà kò dára. Ní ti ilé wa níbí, NAFDAC ni ó ń ṣàkóso oògùn ẹranko, nítorí náà ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì yẹra fún èyí tó ti jókòó sójú oòrùn nínú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù láti ìgbà tí wọ́n ti kó o dé.

Ní báyìí, ibì kan wà tí awọ ara ti ní ẹ̀tọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ọṣẹ ìfọyín, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í wò. Ọṣẹ ìfọyín ológbò máa ń ní ìtọ́wò ẹran: adìyẹ, ẹja, tàbí màlúù. Àwọn ológbò kan wà tí ara wọn kọ irú oúnjẹ kan, àwọn mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí sì wà lára èyí tí ara ológbò máa ń kọ̀ jùlọ. Irú ológbò bẹ́ẹ̀ kì í kàn ṣe pé ara rẹ̀ gbẹ. Ó máa ń yún un gidigidi ní orí àti ọrùn, yóò fi èékánná ha ara rẹ̀ títí yóò fi dégbò. Tí dókítà ẹranko bá fura sí èyí, yóò fi ológbò náà sórí oúnjẹ kan ṣoṣo tí kò jẹ rí, fún ọ̀sẹ̀ 8 ó kéré tán, kí ó lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ wò ó bí ẹnì kan bá ṣọ́ oúnjẹ náà tọkàntọkàn ní àárọ̀ àti ní alẹ́, tí ó wá ń fi ọṣẹ ìfọyín olóòórùn adìyẹ fọ ẹnu ológbò náà kí ó tó sùn. Gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 ti wọ́lẹ̀, kò sì ní mọ̀. Ní irú àkókò yìí, ọṣẹ tí kò ní ìtọ́wò ẹran kankan ni kí a béèrè, tí a kò bá sì rí i, aṣọ rírọ̀ tí a rì sínú omi tó mọ́ ti tó. Omi lásán pẹ̀lú ìfọwọ́rà dára ju ọṣẹ tó gbówó lórí tí ó ba àyẹ̀wò jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ológbò tí ara wọn kọ oúnjẹ kéré sí àwọn tí ìpẹ́pẹ́ wọn ní ìtumọ̀ mìíràn, ìtumọ̀ náà sì wà nínú ẹnu. Ahọ́n ológbò kún fún ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọjú sẹ́yìn, ìdí nìyí tí ó fi máa ń ha ni lọ́wọ́ tí ó bá lá wa. Ní ọdún 2018 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé orí ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan ní ihò tóóró tí ń fa itọ́ láti ẹnu lọ sí ìdí irun. Ahọ́n yìí ni kànrìnkàn rẹ̀, òun ni ìyarun rẹ̀, òun náà ni ìpara rẹ̀: ó ń kó irun tó ti kú àti awọ tó ti hó kúrò, ó sì ń tan ọ̀rá ara rẹ̀ ká orí irun. Tí eyín bá wá ń dun ológbò, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa dẹwọ́ lórí rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ, nítorí ebi kò mọ̀ pé eyín ń dunni. Lílá ara ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, irun ẹ̀yìn rẹ̀, pàápàá láti ìbàdí dé ìdí ìrù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di mọ́ra, ìpẹ́pẹ́ funfun yóò sì hàn nínú rẹ̀, pàápàá bí irun rẹ̀ bá dúdú. Olówó rẹ̀ yóò sọ pé ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ máa ń gbẹ ara ológbò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í yan ẹ̀yìn nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kì í bá a dé oṣù karùn-ún.

Nítorí náà, kí a tó ra ọṣẹ kankan, ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu náà. Àgbàlagbà ológbò ní eyín 30. Ẹ rọra gbé ètè rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wo àwọn eyín ẹ̀yìn lókè, nítorí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti máa ń kó jọ jù. Erìgì, ìyẹn ẹran tó di eyín mú, yẹ kí ó ní àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá pọ́n bíi tàtàṣé lẹ́bàá eyín, ó ti wú nìyẹn. Bí ohun tó wà lára eyín bá rọ̀, tí ó sì ṣeé fi èékánná nù kúrò, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ṣì lè ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá ti le bí òkúta, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti iyẹ̀pẹ̀ pupa, kò sí ọṣẹ ìfọyín tó lè mú un kúrò, dókítà ni yóò fi irinṣẹ́ ha á lẹ́yìn tó bá ti fi oògùn kun ẹranko náà lóorun. Láàrin ọjọ́ mélòó kan péré sì ni rírọ̀ fi ń di líle. Àìsàn kan tún wà tí ó wọ́pọ̀ lára ológbò, nínú èyí tí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń jẹ eyín rẹ̀ láti ìdí. Ìrora rẹ̀ pọ̀, yíyọ eyín náà ni ìtọ́jú tí a sábà máa ń fún un. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tí ó ní ibùdó pàtàkì fún ìlera ológbò, sọ pé láàrin 50 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ológbò tó ti ju ọdún 4 lọ ni wọ́n ní irú àrùn ẹnu kan tàbí òmíràn. Ológbò tó ń da itọ́, tó ń fi ẹsẹ̀ pa ẹnu rẹ̀, tàbí tí oúnjẹ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Yóò dùn ún, yóò sì kórìíra búrọ́ọ̀ṣì náà títí láé.

Bí ẹnu bá mọ́ tónítóní tí ara ṣì ń hó, ọ̀rọ̀ kúrò lórí eyín nìyẹn. Ó lè jẹ́ yọ̀rọ̀, àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tó ń fò nínú irun. Ó lè jẹ́ kòkòrò kan tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó fi jẹ́ pé ìpẹ́pẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni a máa rí tí ó ń rìn. Ó lè jẹ́ làpálàpá, tí àwọn ọmọ inú ilé náà lè kó. Ó lè jẹ́ pé ológbò náà sanra jù, tàbí pé orúnkún ń dun àgbàlagbà, tí kò fi lè yí ẹ̀yìn lá ara mọ́. Ó sì lè jẹ́ oúnjẹ, ìyẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí ní ilé tí wọ́n bá ti ń fún un ní ẹ̀bà pẹ̀lú omi ọbẹ̀, nítorí ológbò kò lè fi ọ̀rá inú epo wa ṣe irú ọ̀rá kan tí ara rẹ̀ nílò. Inú oúnjẹ tó wá láti ara ẹranko nìkan ni ó ti ń rí i. Ẹja lójoojúmọ́ láìsí nǹkan mìíràn kò dára fún un pẹ̀lú.

Nígbà tí ó bá ti hàn pé fífọ eyín ni ó kù, ẹ má ṣe kánjú. Ẹ fi ọṣẹ tí kò ju hóró ẹ̀wà kékeré kan lọ sí orí ìka, kí ẹ jẹ́ kí ó lá a fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì jáde. Ẹ̀gbẹ́ òde eyín nìkan ni kí ẹ máa fọ̀, ahọ́n ń bójú tó ti inú. Kí ó jẹ́ ojoojúmọ́ bí ó bá ṣeé ṣe, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ tútù nu èyí tó kù ní àgbọ̀n rẹ̀, pàápàá bí awọ ibẹ̀ bá gbẹ. Ológbò tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi, ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n ń ta oúnjẹ ẹranko ni ẹ ti máa rí ọṣẹ yìí. Ọ̀pọ̀ ló ń ní kí wọ́n bá àwọn rà á wá láti Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹ ní kí ẹni tí ẹ bá rán ya àwòrán ẹ̀yìn páálí náà ránṣẹ́ kí ó tó sanwó, nítorí ẹ̀yìn ni orúkọ àwọn èròjà wà; ẹwà ni ti iwájú. Bí iṣẹ́ eyín bá sì ju ti dókítà àdúgbò lọ, Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko, bẹ́ẹ̀ náà ni ti Abẹ́òkúta àti ti Ìlọrin.

Ìyá Ọjà Ọba ti ra ọṣẹ tirẹ̀, olóòórùn adìyẹ tó ní ẹ́ńsáìmù, ṣùgbọ́n kò tíì ṣí i. Nígbà tí a gbé ètè ológbò náà sókè lẹ́yìn àpò gààrí, eyín ẹ̀yìn kan ní ọ̀tún ti jẹra dé ìdí. Wọ́n ti yọ ọ́. Ó ti ń lá ẹ̀yìn ara rẹ̀ báyìí, ìpẹ́pẹ́ náà sì ti dín kù. Ọṣẹ náà wà lókè pẹpẹ, níbi tí páànù kò ti lè gbóná dé, ó ń dúró de ìgbà tí ojú egbò yóò jinná.